Patrick Mímọ́

Patrick Mímọ́ (orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìnì ni Patricius) jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kristẹni ní ọ̀rúndún karùn-ún, ó sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí wọ́n mú ẹ̀sìn Kristẹni wọ erékùṣù Írẹ́lándì. Ilẹ̀ Brítánì ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 16, àwọn ajínigbé mú un lẹ́rú lọ sí Írẹ́lándì. Ó sá kúrò ní oko ẹrú lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà, ó padà tọ àwọn ènìyàn tí wọ́n sọ ọ́ di ẹrú lọ, ó sì lo ìyókù ayé rẹ̀ láàárín wọn. Òun ni ẹni mímọ́ alábòójútó Írẹ́lándì, òun náà sì ni ti Nàìjíríà láti ọdún 1961. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa Patrick ni ìtàn pé ó lé gbogbo ejò kúrò ní Írẹ́lándì. Òótọ́ ni pé erékùṣù náà kò ní ejò ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Patrick ni ó lé wọn. Òǹkọ̀wé kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí Patrick pé ejò kò sí níbẹ̀. Yìnyín àti òkun ni wọ́n fa àìsí ejò náà, iṣẹ́ tí Patrick fúnra rẹ̀ sì ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ìtàn yìí fi ṣe é lókìkí.

Àwọn ìwé tí a ti mọ ìtàn rẹ̀

Ìwé méjì péré tí Patrick fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ó kù títí di òní. Èkíní ni Confessio, ìyẹn Ìjẹ́wọ́, tí ó kọ ní ìgbà ogbó rẹ̀ láti ròyìn ayé rẹ̀ àti láti dáhùn ẹ̀sùn tí àwọn kan fi kàn án. Èkejì ni lẹ́tà tí ó kọ sí àwọn ọmọ ogun aláṣẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Coroticus. Èdè Látìnì ni ó fi kọ méjèèjì. Nítorí pé wọ́n gbé e lọ kí ó tó kàwé tán, kò fi ìgbà kankan ka ara rẹ̀ sí ọ̀mọ̀wé, ó sì sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé àléébù yìí máa ń ti òun lójú. Síbẹ̀, ìwé méjèèjì yìí wà lára àwọn ìwé tí ó pẹ́ jùlọ tí a kọ ní Írẹ́lándì tí wọ́n sì kù.

Ní ọ̀rúndún keje, nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, àlùfáà méjì, Muirchú àti Tírechán, kọ ìwé nípa rẹ̀. Inú ìwé wọn ni ọ̀pọ̀ ìtàn iṣẹ́ ìyanu ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe àdàkọ ìwé wọn pẹ̀lú Confessio sínú Ìwé Armagh ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹsàn-án, ìwé náà sì wà ní Trinity College ní ìlú Dublin di òní olónìí.

Ìbí àti ìgbà èwe

Àwọn onímọ̀ ìtàn kò fi ẹnu kò lórí ọdún tí wọ́n bí Patrick, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ìparí ọ̀rúndún kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún ni. Àsìkò yìí ni agbára Róòmù ń dín kù ní Brítánì. Bàbá rẹ̀ ni Calpornius, ẹni tí ó jẹ́ díákónì nínú ìjọ, tí ó sì tún wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Bàbá bàbá rẹ̀ ni Potitus, tí í ṣe àlùfáà. Ìdílé náà ní ilẹ̀ oko, wọ́n sì ní ìránṣẹ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Patrick dárúkọ ibùgbé bàbá rẹ̀, Bannavem Taburniae, ṣùgbọ́n orúkọ ibẹ̀ ti parẹ́, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí ibi tí ó wà ní Brítánì.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí i sí, Patrick kọ ọ́ pé òun kò ka ẹ̀sìn sí ní ìgbà èwe òun.

Oko ẹrú ní Írẹ́lándì

Ní àkókò yẹn, àwọn ará Írẹ́lándì máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Brítánì láti jí ènìyàn kó. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìkọlù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú Patrick pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn. Ọmọ tí ó ní ìránṣẹ́ nílé bàbá rẹ̀ di ẹni tí ń da àgùntàn fún olówó rẹ̀, nínú òjò, nínú òtútù àti nínú ebi. Àṣà àtẹnudẹ́nu fi ibẹ̀ sí òkè Slemish ní ìlà-oòrùn àríwá Írẹ́lándì, ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo tí Patrick dárúkọ ní Írẹ́lándì nínú ìwé rẹ̀ ni igbó Voclut, lẹ́bàá òkun ìwọ̀-oòrùn.

Inú oko ẹrú yìí ni ó ti di olùfọkànsìn. Ó kọ ọ́ pé òun máa ń gba àdúrà tó ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, tí òun sì ń gba iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lóru. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó gbọ́ ohùn kan lójú oorun pé ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ti wà ní sẹpẹ́. Ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, ó sì rin ìrìn nǹkan bí 200 máìlì títí ó fi dé èbúté tí kò mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ kọ́kọ́ lé e, kí wọ́n tó pè é padà. Wọ́n wà lójú òkun fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì tún fi ọjọ́ 28 rìn nínú aginjù, tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, kí wọ́n tó rí agbo ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n pa jẹ. Ọdún díẹ̀ tún kọjá kí ó tó wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe fi àwọn sílẹ̀ mọ́ láé.

Ìpadàsí Írẹ́lándì

Nígbà tí ó wà ní ilé, ó lá àlá pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Victoricus ń bọ̀ láti Írẹ́lándì pẹ̀lú àìmọye lẹ́tà. Bí ó ti ń ka ọ̀kan nínú wọn, ó gbọ́ ohùn àwọn ará ẹ̀bá igbó Voclut tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá bá àwọn rìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó lọ. Ó di díákónì, lẹ́yìn náà ó di bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgbà ìjọ kan ní Brítánì takò ó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ sì tú àṣírí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí Patrick ṣẹ̀ nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 15. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún débi pé ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ìgbà ogbó.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ mú ẹ̀sìn Kristẹni dé Írẹ́lándì. Ní ọdún 431, Póòpù Celestine rán Palladius láti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Àwọn ìwé ìtàn ọdọọdún ti Írẹ́lándì fi ọdún 432 ṣe ọdún tí Patrick dé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní rò pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ gba àwọn ibi tí ìhìnrere kò tíì dé.

Írẹ́lándì ìgbà náà kò ní ọba kan ṣoṣo. Ọba kéékèèké ni wọ́n pọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ilẹ̀ tirẹ̀, àjèjì tí kò sì ní ìbátan kò ní ààbò. Patrick máa ń fún àwọn ọba ní ẹ̀bùn, ó sì ń san owó fún àwọn ọmọ ọba tí ń bá a rin ìrìn-àjò. Síbẹ̀, wọ́n dè é ní ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì gba ẹrù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í gba ẹ̀bùn: nígbà tí àwọn obìnrin ìjọ bá kó ohun ọ̀ṣọ́ wọn sórí pẹpẹ, ó máa ń dá a padà fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé nítorí owó ni ó ṣe wá. Ó kọ ọ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni òun ṣe ìrìbọmi fún. Ó tún kọ nípa àwọn obìnrin tí wọ́n wà ní oko ẹrú pé àwọn ni ìyà ń jẹ jùlọ, tí wọ́n sì dúró ṣinṣin lábẹ́ ìhalẹ̀.

Lẹ́tà sí àwọn ọmọ ogun Coroticus

Coroticus jẹ́ aláṣẹ kan láti Brítánì. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọlu àwọn ènìyàn tí Patrick ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún, nígbà tí wọ́n ṣì wọ aṣọ funfun ìrìbọmi, tí òróró sì wà níwájú orí wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì kó àwọn yòókù tà fún àwọn Picts, ẹ̀yà kan ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Skọ́tlándì lónìí. Patrick rán àlùfáà kan lọ láti bẹ̀bẹ̀ fún ìtúsílẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni àwọn ọmọ ogun náà fi òun àti àwọn tí wọ́n bá a lọ rín.

Nígbà náà ni ó kọ lẹ́tà tí ó kù títí dòní. Ó yọ àwọn ọmọ ogun náà kúrò nínú ìjọ, ó ní kí onígbàgbọ́ kankan má ṣe bá wọn jẹun tàbí mu títí wọn yóò fi ronú pìwà dà, tí wọn yóò sì dá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n ka lẹ́tà náà ní gbangba, àní níwájú Coroticus fúnra rẹ̀. Díẹ̀ ni ìwé tí ó kù láti ayé àtijọ́ nínú èyí tí ẹni tí ó ti jẹ ẹrú rí ti bá àwọn olówò ẹrú wí báyìí.

Ikú rẹ̀

Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ni àṣà fi ṣe ọjọ́ ikú Patrick. Ní ti ọdún, àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ mú 461 wá, wọ́n sì tún mú 493 wá. Ìlú Downpatrick ni àṣà sọ pé wọ́n sin ín sí, ìlú Armagh sì di olú ìjọ Írẹ́lándì ní orúkọ rẹ̀.

Ìtàn ejò

Kò sí ejò kankan nínú ìwé méjèèjì tí Patrick kọ, bẹ́ẹ̀ ni Muirchú àti Tírechán kò sọ pé ó lé ejò. Ohun tí Tírechán kọ ni pé Patrick gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lórí òkè kan ní ìwọ̀-oòrùn, tí àwọn ẹyẹ sì yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀. Òkè náà ni Croagh Patrick, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 764, tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ṣì ń gùn ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù keje lọ́dọọdún. Ní ọ̀rúndún kejìlá, ní nǹkan bí ọdún 1185, Jocelin, àlùfáà ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Furness, kọ ìwé ìtàn Patrick nínú èyí tí lílé ejò àti ẹranko olóró ti fara hàn. Gerald ará Wales, tí òun náà kọ̀wé ní àkókò yẹn, gbọ́ ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́.

Gerald ní ìdí tí kò fi gbà á. Solinus, òǹkọ̀wé Róòmù kan ní ọ̀rúndún kẹta, ti kọ ọ́ pé ejò kò sí ní Írẹ́lándì, èyí sì jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí Patrick. Ní ọdún 731, Bede, mọ́ńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún kọ ohun kan náà láìdárúkọ Patrick rárá. Èrò tirẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ erékùṣù náà ni ó ń pa ejò tí ọkọ̀ bá gbé wá láti Brítánì. Nítorí náà, àìsí ejò ni ó ṣáájú, ìtàn sì tẹ̀lé e láti ṣàlàyé rẹ̀. Ejò jẹ́ àmì èṣù nínú Bíbélì láti inú ìtàn Édẹ́nì wá, ó sì rọrùn fún àwọn ènìyàn láti so ilẹ̀ tí kò ní ejò mọ́ ẹni tí wọ́n gbà pé ó lé òrìṣà àtijọ́ lọ.

Ìdí tí Írẹ́lándì kò fi ní ejò

Fún àgbẹ̀ Ìwàrè tàbí Fìdítì, tí ó mọ̀ pé oká, sèbé tàbí paramọ́lẹ̀ lè wà lábẹ́ ewé gbígbẹ nínú oko, ó lè dà bí àlá pé ilẹ̀ eléwéko tútù kan wà tí kò ní ejò rárá. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ejò kì í lè mú ara rẹ̀ gbóná fúnra rẹ̀ bí ènìyàn tàbí ẹyẹ ti ń ṣe. Oòrùn àti ilẹ̀ gbígbóná ni ó ń yá ooru lọ́wọ́ wọn. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín tí ó nípọn gan-an bo Írẹ́lándì, ejò kò sì lè gbé lórí rẹ̀. Omi púpọ̀ di yìnyín ní ayé nígbà náà, débi pé ojú òkun lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí mítà 120 sí ti òní. Nígbà tí yìnyín yọ́, àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí padà wá láti gúúsù Yúróòpù. Ṣùgbọ́n bí yìnyín ti ń yọ́ ni òkun ń kún. Òkun ya Írẹ́lándì sọ́tọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó ya Brítánì kúrò lára Yúróòpù, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn. Irú ejò mẹ́ta rí ààyè dé Brítánì kí ọ̀nà tó dí. Kò sí èyí tí ó dé Írẹ́lándì. Irú alángbá kan ṣoṣo ni ẹranko afàyàfà ìbílẹ̀ tí ó wà lórí ilẹ̀ náà, kò sì sí egungun ejò àtijọ́ tí a rí níbẹ̀ tí ó lè fi hàn pé ejò ti gbé ibẹ̀ rí lẹ́yìn ìgbà yìnyín.

Àwọn erékùṣù mìíràn

Írẹ́lándì nìkan kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Iceland àti Greenland kò ní ejò ìbílẹ̀ nítorí òtútù àti òkun. New Zealand kò ní ejò orí ilẹ̀ nítorí jíjìnnà rẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, erékùṣù Cape Verde mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jùlọ. Òkè oníná ni ó gbé wọn jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, ní ibi tí ó lé ní 500 kìlómítà sí etí òkun Sẹ̀nẹ̀gàl, wọn kò sì fi ìgbà kan so mọ́ Áfríkà. Ọmọnílé àti àwọn alángbá mìíràn rí ọ̀nà dé ibẹ̀, bóyá lórí igi tí omi gbé, ṣùgbọ́n ejò kò dé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù kò sí níbẹ̀ rárá.

Bioko, erékùṣù Equatorial Guinea tí ó wà ní nǹkan bí 32 kìlómítà sí Kamẹrúùnù, yàtọ̀ sí èyí. Omi tí ó yà á kúrò lára Áfríkà kò jìn, ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀ jẹ́ nígbà yìnyín. Nítorí náà, ejò inú igbó Kamẹrúùnù pọ̀ níbẹ̀.

Ní São Tomé, tí ó jìnnà ju 200 kìlómítà lọ sí etí òkun Áfríkà, wọ́n sọ ìtàn kan tí ó dà bí ìdàkejì ti Patrick. Ejò dúdú olóró kan wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ pé àwọn Potogí ni wọ́n mú un wá láti pa eku. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ejò náà jẹ́ irú kan tí kò sí níbòmíràn ní ayé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Naja peroescobari. Ó ti wà ní erékùṣù náà tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ Potogí tó dé. Ní Írẹ́lándì, wọ́n ní ènìyàn ni ó lé ejò lọ. Ní São Tomé, wọ́n ní ènìyàn ni ó mú un wá. Ní ibi méjèèjì, iṣẹ́ òkun ni.

Ènìyàn sì lè yí iṣẹ́ òkun padà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ejò kan bá ẹrù wọ erékùṣù Guam nínú Òkun Pàsífíìkì, ó sì pa ọ̀pọ̀ irú ẹyẹ igbó ibẹ̀ run, nítorí pé àwọn ẹyẹ náà kò mọ irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí òfin New Zealand àti ti Hawaii fi ka sísin ejò léèwọ̀.

Patrick àti Nàìjíríà

Àwọn ajíhìnrere Kátólíìkì láti Írẹ́lándì ni wọ́n mú orúkọ Patrick wá sí Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1932, ọjọ́ ìrántí rẹ̀ gan-an, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà kan sílẹ̀ ní Kiltegan ní Írẹ́lándì, tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, fún iṣẹ́ ìhìnrere ní òkè òkun, Nàìjíríà sì ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àlùfáà Írẹ́lándì tí ẹgbẹ́ SMA ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi orúkọ Patrick pè, lára wọn ni St. Patrick's Grammar School ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Ní ọdún 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ó di ẹni mímọ́ alábòójútó orílẹ̀-èdè Nàìjíríà.

Ìgbésí ayé rẹ̀ jọ ti Samuel Àjàyí Crowther ní ọ̀nà kan. Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní, ni àwọn akónilẹ́rú ti mú Àjàyí ní ọdún 1821, nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọdé. Òun náà di òmìnira, ó di àlùfáà, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Àwọn méjèèjì padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti jẹ̀yà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ àwọn ènìyàn tirẹ̀ ni Crowther padà sí, níbi tí ó ti tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, nígbà tí Patrick fi àwọn òbí tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láti lọ gbé láàárín àwọn tí wọ́n jí i gbé. Ó kọ ọ́ sí ìparí Confessio pé Írẹ́lándì ni òun ti kọ ìwé náà, níbẹ̀ ni ó sì fẹ́ kú sí.